Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Rí Inú Àgádágodo

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ ń múra sílẹ̀ de iṣẹ́ olùkọ́, ọ̀ràn kékeré kan ni mo fẹ́ gbé ka iwájú yín, ṣùgbọ́n èmi kò gbà pé ó kéré ní èrè. Níbi gbogbo ni a ti ń bá àgádágodo pàdé: ó wà lára àpótí aṣọ, ó wà lẹ́nu ìsọ̀, ó wà lára ìlẹ̀kùn yàrá àti ti ilé-ìwé fúnra rẹ̀. Ọmọ ọdún méje mọ̀ ọ́n tì, ó sì mọ̀ ọ́n ṣí. Ṣùgbọ́n bí a bá bi ọmọ náà, tàbí baba rẹ̀, tàbí olùkọ́ rẹ̀ pàápàá, pé kí ni kọ́kọ́rọ́ ń ṣe nígbà tí ó bá wọ inú lọ tán, èsì tí a ó sábà gbọ́ ni pé, “Ó ń ṣí i ni.” Èsì yìí kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìmọ̀ pẹ̀lú. Ó dàbí ìgbà tí a bi ènìyàn pé báwo ni òjò ṣe ń rọ̀, tí ó sì dáhùn pé láti òkè ni.

Èrò mi ni pé, kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó dúró níwájú ọmọ ilé-ìwé, ó yẹ kí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀, nínú ilé ara rẹ̀, pẹ̀lú ayùn irin àti fáìlì, ṣe àgádágodo kan tí a gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kúrò, tí gbogbo ìṣe inú rẹ̀ hàn sí gbangba, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì ń ṣí i síbẹ̀. Àwọn tí ń ṣe òwò àgádágodo a máa ní irú rẹ̀ lọ́wọ́ láti fi han oníbàárà àti ọmọ iṣẹ́. Kí ni ó dé tí ọmọ ilé-ìwé kò fi ní rí i?

Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni yóò fara mọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan yóò ní, “Olè jíjà ni ẹ fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ wa.” Àwọn mìíràn yóò ní iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ni, kì í ṣe ti olùkọ́. Àwọn kẹta yóò ní àwòrán ti tó. Èmi yóò dá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lóhùn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ó wà nínú àgádágodo, nítorí kò tọ́ kí a dá ẹjọ́ ohun tí a kò mọ̀.

Àgádágodo onípínnì ni mo ń sọ, irú èyí tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ jẹ́ pẹlẹbẹ, tí ó ní eyín wíwọ́ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Nínú idẹ rẹ̀ ni ihò róbótó kan wà, nínú ihò náà sì ni idẹ róbótó mìíràn wà tí ó kún un, tí ó sì lè yí. Inú idẹ tí ń yí yìí ni kọ́kọ́rọ́ ń wọ̀. Gẹ́gẹ́ bí a ti ń pe èyí tí ń gún nǹkan nínú odó ní ọmọ odó, tí a sì ń pe èyí tí ń lọ nǹkan lórí ọlọ ní ọmọ ọlọ, bẹ́ẹ̀ ni èmi yóò máa pe idẹ tí ń yí yìí ní ọmọ àgádágodo, èmi yóò sì máa pe èyí tí ó yí i ká ní ilé rẹ̀. Bí ọmọ bá lè yí, àgádágodo yóò ṣí; bí kò bá lè yí, títì ni yóò wà. Gbogbo ọgbọ́n tí ó kù kò ju bí a ó ti dí ọmọ lọ́nà lọ, àti bí a ó ti là á lọ́nà nígbà tí olóhun bá dé.

Ọ̀nà tí wọ́n fi dí i nìyí. Wọ́n lu ihò kéékèèké, tí ó sábà máa ń jẹ́ márùn-ún, tò tẹ̀lé ara wọn, láti inú ilé wọ inú ọmọ, títí dé ibi tí kọ́kọ́rọ́ ń gbà. Nínú ihò kọ̀ọ̀kan ni pínnì méjì wà, ọ̀kan lé ọ̀kan lórí, sípíríǹgì kékeré sì wà lókè wọn tí ń tì wọ́n wá sísàlẹ̀. Pínnì ìsàlẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ń kàn, gígùn rẹ̀ a sì máa yàtọ̀ láti ihò kan sí òmíràn. Nígbà tí kò bá sí kọ́kọ́rọ́ níbẹ̀, sípíríǹgì a ti pínnì òkè wálẹ̀. Apá kan rẹ̀ a wà nínú ilé, apá kan a wà nínú ọmọ, a sì dàbí ẹni tí ó na ẹsẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà. Ọmọ kò ní lè yí.

Nígbà tí kọ́kọ́rọ́ tí ó bá a mu bá wọlé, eyín rẹ̀ a gbé pínnì kọ̀ọ̀kan sókè níwọ̀n tí ó yẹ gan-an, títí ibi tí pínnì méjì ti pàdé yóò fi bọ́ sí ojú ààlà tí ó wà láàárín ọmọ àti ilé. Gbogbo pínnì òkè a padà sínú ilé, gbogbo pínnì ìsàlẹ̀ a dúró sínú ọmọ, ọ̀kan kò ní tẹ ààlà mọ́lẹ̀ mọ́. Nígbà náà ni ọmọ yóò yí. Ṣùgbọ́n bí kọ́kọ́rọ́ àjèjì bá gbé mẹ́rin sí àyè wọn, tí ó sì gbé ìkarùn-ún ga jù díẹ̀ péré, ìkarùn-ún yẹn nìkan tó láti kọ̀ fún un.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe ti àná. Àwọn ará Íjíbítì ayé àtijọ́ fi igi ṣe irú rẹ̀: èèkàn kéékèèké a já bọ́ sínú ọ̀pá ìdábùú ìlẹ̀kùn, kò sì ní lè yẹ̀ títí kọ́kọ́rọ́ onígi tí ó ní eyín yóò fi gbé wọn sókè. Ẹni tí ó bá ti ka orí 22 nínú ìwé Aísáyà yóò rántí kọ́kọ́rọ́ tí a gbé lé ènìyàn ní èjìká. Kọ́kọ́rọ́ onígi ńlá kì í ṣe ohun tí àpò ẹ̀wù lè gbà. Ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tiwa níhìn-ín, àwọn Bámbárà àti àwọn Dógọ́n ilẹ̀ Málì gbẹ́ àgádágodo onígi tí èèkàn rẹ̀ ń já bọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, wọ́n sì fín àwòrán ènìyàn àti ti ẹranko sí i lára. Nígbà tí ó ṣe, Linus Yale kékeré, ará Amẹ́ríkà tí a bí ní ọdún 1821 tí ó sì kú ní ọdún 1868, tẹ̀lé ipasẹ̀ baba rẹ̀, ó sọ èèkàn igi di pínnì irin, ó sì sọ kọ́kọ́rọ́ ńlá di pẹlẹbẹ kékeré. Ìjọba fún un ní ìwé àṣẹ lórí iṣẹ́ náà ní ọdún 1861 àti ní ọdún 1865. Títí di òní, ọgbọ́n rẹ̀ ni ó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ àgádágodo tí a ń rà lọ́jà.

Wàyí o, báwo ni olùkọ́ yóò ṣe ṣe tirẹ̀? Irin-iṣẹ́ tí ó nílò kò pọ̀: ayùn irin, fáìlì pẹlẹbẹ, fáìlì tín-ínrín, ẹ̀mú kékeré, pépà oníyanrìn, àti fáìsì tí yóò di iṣẹ́ mú. Ẹni tí kò bá ní fáìsì lè kan igi líle méjì mọ́ orí tábìlì tí ó dúró dáadáa, kí ó sì há idẹ náà sáàárín wọn. Ẹni tí ó ní fáìsì pẹ̀lú, kí ó fi igi pẹlẹbẹ sí ẹnu rẹ̀, kí eyín fáìsì má baà họ idẹ. Kí ó wá awò tí yóò dáàbò bo ojú rẹ̀, nítorí ẹ̀rún idẹ kò mọ olùkọ́ yàtọ̀ sí ọmọ iṣẹ́.

Èyí tí ó rọrùn jù láti fi bẹ̀rẹ̀ ni idẹ tí a yọ kúrò lára àgádágodo ìlẹ̀kùn tí a ti pa tì, bí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bá ṣì wà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe mú èyí tí ń ṣọ́ ilé lọ́wọ́, nítorí èyí tí a bá ti gé kò ní lè ṣọ́ ohunkóhun mọ́. Ní ẹ̀yìn ọmọ ni ìdè kékeré kan wà tí kò jẹ́ kí ó yọ síwájú. Kí a tú u. Kí a fi kọ́kọ́rọ́ sí i, kí a yí i díẹ̀, kí a sì fi ọ̀pá igi róbótó tí ìwọ̀n rẹ̀ bá ti ọmọ mu rẹ́gí máa tì í jáde láti ẹ̀yìn. Igi yìí ṣe pàtàkì. Òun ni yóò rọ́pò ọmọ bí ọmọ ti ń jáde. Bí kò bá sí i, sípíríǹgì yóò ta pínnì òkè jáde, a ó sì máa fi ìtànná wá wọn lábẹ́ ibùsùn. Kí a da pínnì jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a sì tò wọ́n sínú pátákó tí a ti lu ihò sí, tí a kọ 1 títí dé 5 sí ẹ̀gbẹ́ ihò wọn. Pínnì tí ó bá ṣìnà kúrò ní ipò rẹ̀ ti sọ kọ́kọ́rọ́ náà di àjèjì.

Nígbà tí inú bá ti ṣófo, kí a dá ọmọ padà sínú ilé, kí a tún ìdè ẹ̀yìn rẹ̀ so, kí ó sì wà bí ó ti máa ń wà nígbà tí ó bá tì. Kí a fi ṣóńṣó ìṣó fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ ilé, ọ̀kan ṣáájú ihò pínnì kìíní, ọ̀kan lẹ́yìn ihò ìkarùn-ún. Ojú ìlà méjèèjì yìí ni ayùn yóò gbà wọlé. A kò ní gé iwájú àti ẹ̀yìn kúrò, nítorí àwọn ni yóò di ọmọ mú kí ó má baà já bọ́. Lẹ́yìn èyí ni fáìlì tín-ínrín yóò máa jẹ ohun tí ó wà láàárín ojú ayùn méjèèjì, ti ilé àti ti ọmọ pọ̀, títí ihò pínnì yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í là. Eyín ayùn àti ti fáìlì ń jẹ idẹ nígbà tí a bá tì í síwájú nìkan; bí a bá ń fà á bọ̀, kí a gbé e sókè díẹ̀. Kí a fi ẹfun ìkọ̀wé pa ojú fáìlì, kí ẹ̀rún idẹ má baà dí eyín rẹ̀.

Ibi tí ọgbọ́n wà ni mímọ ìgbà tí a ó dúró. Pínnì sábà máa ń nípọn tó nǹkan bíi mìlímítà 3. Bí fèrèsé tí a là sára ihò rẹ̀ bá fẹ̀ tó mìlímítà 2, ojú yóò rí pínnì, ṣùgbọ́n pínnì kò ní lè jáde. Bí ó bá fẹ̀ ju bí pínnì ti nípọn lọ, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn, nítorí pínnì àti sípíríǹgì yóò máa dà sílẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ihò àkọ́kọ́ bá ti yọ, kí a dẹ ọwọ́, kí a máa fi fáìlì kàn án, kí a sì máa wò ó.

Lẹ́yìn èyí, kí a fi pépà oníyanrìn tí a wé mọ́ igi dán etí fèrèsé, kí a fi kẹrosíìnì fọ gbogbo rẹ̀, nítorí ẹ̀rún idẹ kan ṣoṣo lè há pínnì mọ́ ihò. Kí a dá sípíríǹgì àti pínnì òkè padà pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ igi róbótó wa, kí a dá pínnì ìsàlẹ̀ padà gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà wọn. Ohun kan kù tí kò yẹ kí a gbàgbé: ọmọ tí a ti gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò lè yí sí ọ̀tún àti sí òsì bákan náà mọ́. Kí a máa yí i sí ìhà tí ojú gígé yóò fi lọ sísàlẹ̀. Bí ojú gígé bá gòkè dé abẹ́ ihò pínnì, pínnì òkè yóò já sínú àlàfo náà, yóò sì há a mọ́ ibẹ̀.

Iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ mélòó kan ni gbogbo èyí. Àǹfààní rẹ̀ ń kọ́? Kí olùkọ́ ti kọ́kọ́rọ́ tòótọ́ bọ inú rẹ̀, àwọn ọmọ yóò rí pínnì márùn-ún tí wọ́n ń gòkè tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ bí ọmọ ogun tí ń tẹ̀lé àṣẹ, tí gbogbo wọn sì bá ojú ààlà lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ó tún ti kọ́kọ́rọ́ mìíràn bọ̀ ọ́, kí ó sì bi wọ́n pé, “Pínnì wo ni ó kọ̀?” Ìbéèrè yìí dára ju ọgọ́rùn-ún ìbéèrè tí a ti kọ ìdáhùn rẹ̀ sórí, nítorí ọmọ yóò wò kí ó tó dáhùn.

Nínú ẹ̀kọ́ ìṣirò pẹ̀lú, bí gígùn pínnì ìsàlẹ̀ bá lè jẹ́ oríṣi 6, tí ihò sì jẹ́ 5, kí àwọn ọmọ wá oríṣi kọ́kọ́rọ́ tí ó lè wà. Wọn yóò sọ 6 di ìlọ́po ara rẹ̀ ní ipò márààrún, wọn yóò sì bá 7,776. Olùkọ́ yóò wá sọ fún wọn pé àwọn tí ń ṣe é kì í lo gbogbo rẹ̀ tán, nítorí àwọn kan nínú wọn rọrùn jù fún olè. Bí kíláàsì bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí ó wà lẹ́yìn kò ní rí pínnì kékeré, kí olùkọ́ fi igi ṣe ńlá ti irú ti Íjíbítì, kí ó gbé e ka orí tábìlì, kí ó sì jẹ́ kí ti idẹ máa lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá dá àwọn alátakò wa lóhùn. Àwọn tí ń bẹ̀rù olè ni mo bọ̀wọ̀ fún jù, nítorí òbí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹ̀rù wọn kò sì ṣàìnídìí. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ inú rẹ̀. Wọ́n rò pé àwa ni a fẹ́ la ògiri. Ṣùgbọ́n bí ògiri bá ti lanu kí a tó dé ibẹ̀ ńkọ́? Ta ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ rí i, onílé tàbí aláǹgbá?

Ìtàn ti dá ẹjọ́ yìí rí. Ní ọdún 1784, Joseph Bramah ṣe àgádágodo kan ní ìlú London tí gbogbo ènìyàn gbà pé kò ṣe é ṣí láìsí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1790 ni wọ́n ti gbé ọ̀kan sí ojú fèrèsé ìsọ̀ rẹ̀ ní Piccadilly, tí wọ́n sì ṣe ìlérí gíní 200 fún ẹni tí ó bá lè ṣí i. Jeremiah Chubb pẹ̀lú ṣe tirẹ̀ ní ọdún 1818, èyí tí ń fi àmì hàn bí àjèjì bá ti fọwọ́ kàn án nínú. Ní ọdún 1851, nígbà Àfihàn Ńlá ní London, ará Amẹ́ríkà kan tí a ń pè ní Alfred Charles Hobbs dé. Ó ṣí ti Chubb láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 25. Ti Bramah gba wákàtí 51, tí ó pín sí ọjọ́ 16, ṣùgbọ́n ó ṣí i, ó sì gba owó náà. Fún ọgọ́ta ọdún ni àwọn ènìyàn ti sùn ní ìfọ̀kànbalẹ̀ nítorí ohun tí wọn kò wò yẹ̀ wò. Nígbà tí àwọn kan kígbe pé Hobbs ti tú àṣírí fún àwọn olè, ìdáhùn tí ó wà nínú ìwé kan lórí iṣẹ́ àgádágodo tí Charles Tomlinson ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1853 ni pé àwọn olè ti mọ iṣẹ́ wọn ṣáájú. Àwọn olóòótọ́ tí ń fi owó rà á ni wọn kò tí ì mọ̀.

Ní ọdún 1883, Auguste Kerckhoffs, ẹni tí ó jẹ́ olùkọ́ èdè ní Paris, kọ̀wé nípa bí àwọn ológun ṣe ń fi àmì ìkọ̀kọ̀ kọ ìwé sí ara wọn. Ó fi lélẹ̀ pé ètò tí ó dára kò gbọdọ̀ nílò kí a fi í pamọ́. Bí ó bá bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tá, kò gbọdọ̀ mú ìpalára wá, níwọ̀n ìgbà tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ṣì wà ní ìpamọ́. Ọ̀rọ̀ yìí bá àgádágodo wa mu. Ohun tí ó yẹ kí ó jẹ́ àṣírí ni eyín kọ́kọ́rọ́ tìrẹ, kì í ṣe bí pínnì ti ń gòkè. Àgádágodo tí ó ní ààbò kìkì nítorí pé ẹnikẹ́ni kò tí ì wo inú rẹ̀, kò ní ààbò.

Síbẹ̀, èmi kò sọ pé kí olùkọ́ máa ṣe é láìní ìwọ̀n. Kí ó ṣàlàyé bí kọ́kọ́rọ́ ti ń ṣí àgádágodo. Kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láti kọ́ ọmọ ní bí a ti ń ṣí i láìsí kọ́kọ́rọ́. Kí ó kọ́ gbogbo kíláàsì lójú gbogbo ayé, kí ó má ṣe kọ́ ọmọ kan ní kọ̀rọ̀. Kí ó pe àwọn òbí wá wò ó bí wọ́n bá fẹ́. Mo sì gbà pé òbí tí ó bá wò ó yóò jèrè ju ọmọ lọ, nítorí kò tún ní fi ìwúwo nìkan yan àgádágodo lọ́jà. Yóò bèèrè pé pínnì mélòó ni ó wà nínú rẹ̀. Yóò sì lọ wo igi tí wọ́n kan ìkọ́ rẹ̀ mọ́, bóyá ikán kò tí ì jẹ ẹ́, nítorí olè tí ó lè fi irin ṣí ìkọ́ kúrò lára igi kò ní dúró ti pínnì rárá.

Sí àwọn tí ń sọ pé iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ni, mo dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sí àbùkù níbẹ̀. Nínú ìran tí ń bọlá fún Ògún nítorí irin, láti ìgbà wo ni fáìlì ti di ohun ìtìjú? Àwọn tí wọ́n ń rò pé ìwé kíkà wà láti gbà wá lọ́wọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n ń kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ tí kò ní ara. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bí olùkọ́ bá mọ ìṣirò tí alágbẹ̀dẹ kò mọ̀, alágbẹ̀dẹ mọ bí a ti ń di fáìlì mú kí ojú irin má baà wọ́, èyí tí olùkọ́ kò mọ̀. Kí a pe alágbẹ̀dẹ àdúgbò wá sí kíláàsì, kí ó tọ́ ọwọ́ wa sọ́nà lójú àwọn ọmọ. Àwọn ọmọ yóò rí i pé olùkọ́ wọn ṣì ń kọ́ ẹ̀kọ́, wọn yóò sì rí i pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún èédú kì í ṣe aláìmọ̀kan.

Sí àwọn tí ń sọ pé àwòrán ti tó, pàápàá ní ayé tí àwòrán tí ń rìn ti wà nínú fóònù ọwọ́ gbogbo ènìyàn, mo dáhùn pé àwòrán dára, èmi kò sì ní kí a má lò ó. Ṣùgbọ́n ìròyìn kò tó àfojúbà. Kọ́kọ́rọ́ tí ayàwòrán yàn nìkan ni àwòrán ń fi hàn. Àgádágodo tí a là yóò gba kọ́kọ́rọ́ tí ọmọ bá mú wá láti ilé, bí ó bá ti lè wọ inú rẹ̀, yóò sì fún un ní èsì tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀ fún un tẹ́lẹ̀. Ọmọ náà yóò fi ìka ara rẹ̀ mọ ibi tí ó ti kọ̀. Nígbà tí àwòrán bá ṣàṣìṣe, ọmọ kò ní mọ̀. Ṣùgbọ́n irin kì í purọ́ fún ọwọ́.

Mo wá bẹ̀ yín, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ẹ̀kọ́ tí a há sórí ni ó rọrùn fún olùkọ́ láti kọ́ ọmọ, òun náà ni ó sì rọrùn fún ọmọ láti gbàgbé. Ọmọ tí ó bá ti rí inú àgádágodo kan yóò fẹ́ rí inú agogo. Ẹni tí ó rí inú agogo yóò fẹ́ mọ inú ẹ̀rọ ìránṣọ. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń rí àwọn tí yóò tún ẹ̀rọ ṣe fún ìlú, àti àwọn tí yóò ṣe òmíràn tí a kò tí ì rí rí. Kí ìsinmi tí ń bọ̀ yìí tó parí, kí olúkúlùkù wá idẹ àgádágodo kan tí a ti pa tì, kí ó rà fáìlì kan, kí ó sì bẹ̀rẹ̀. Bí ti àkọ́kọ́ bá bàjẹ́, kí ó mú ti èkejì. Èyí tí ó bá yọrí, kí ó gbé e lọ sí ilé-ìwé tí wọ́n bá rán an sí, kí ó sì fi kọ́kọ́rọ́ lé ọmọ tí ó kéré jù lọ́wọ́, kí òun ni yóò kọ́kọ́ ṣí i.